Ẹ Jẹ́ Ká Máa Fi Ẹsẹ̀ Wa Tẹ Igbó Ẹlẹ́yẹlé

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn, ẹ kú làálàá. Ẹ̀bẹ̀ ni mo fi ìwé yìí bẹ ẹ̀yin àti gbogbo ẹni tó ń ka ìwé ìròyìn yín ní Ìbàdàn: ẹ lọ wo igbó Ẹlẹ́yẹlé. Mi ò ní kí ẹ máa wò ó láti inú mọ́tò bí ẹ bá ń kọjá lọ sí Ológunẹrú o. Ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ wọ abẹ́ igi, ẹ rìn dé etí omi, kí ẹ sì pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀. Ẹ mú ọmọ dání. Igbó tó wà láàárín ìlú ńlá, tí ará ìlú ò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, kì í rí ẹni gbẹnu sọ fún un lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé ayùn dé. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí Ẹlẹ́yẹlé gan-an nìyẹn, ó sì ká mi lára débi pé mi ò lè dákẹ́ mọ́.

Ẹlẹ́wé ọmọ ni mí ní ọjà Bódè. Iṣẹ́ ìyá mi ni, iṣẹ́ ìyá tó bí ìyá mi ni pẹ̀lú. Wọ́n jẹ́ kí n ka ìwé mẹ́wàá kí n tó jókòó ti igbá ewé, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí mo fi lè fi ọwọ́ ara mi kọ lẹ́tà yìí. Ẹni tó bá ti ra àgbo rí ní Bódè mọ irú wa. Àwa la máa ń kó ewé tútù, egbò àti èèpo igi kalẹ̀, tí àwọn lẹ́kúlẹ́jà á jókòó sí ẹ̀gbẹ́ wa pẹ̀lú ọjà gbígbẹ tiwọn. Oníbàárà á bi wá ní iye owó, á bi wá bí wọ́n ṣe ń sè é, á bi wá bóyá aboyún lè mu ún. Ṣàṣà lẹni tó máa bi wá níbi tí a ti já ewé náà. Ọ̀pọ̀ wọn rò pé láti Ìjẹ̀bú tàbí Oǹdó ni gbogbo rẹ̀ ti ń wá. Lóòótọ́, ọkọ̀ ló ń gbé èyí tó pọ̀ jù wá láti ọ̀nà jíjìn báyìí. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ìyá mi kì í jáde kúrò nínú ìlú Ìbàdàn kí ìdajì igbá rẹ̀ tó kún. Ẹlẹ́yẹlé ló ń lọ, èmi ni mo sì ń gbé apẹ̀rẹ̀ tẹ̀ lé e.

Láyé ìgbà náà, aṣọ́gbó ìjọba wà níbẹ̀, ó máa ń wọ aṣọ kákí. Bí a bá dé, ìyá mi á kí i, á sọ ohun tó fẹ́ mú fún un. Aṣọ́gbó á ní, "Ìyá, ẹ mú u o, ṣùgbọ́n ẹ má gé igi." Ìyá mi á dáhùn pé, "Bàbá, ta ni í gé ohun tó ń bọ́ ọ?" Wọ́n á jọ rẹ́rìn-ín, a ó wọlé. Àwọn méjèèjì ti lọ sí ọ̀run báyìí, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ẹ máa rí fún yín, torí mo mọ̀ pé àwọn mìíràn á ní, kí ló wà nínú igbó? Láti Bódè, ẹ óò wọ mọ́tò dé Dùgbẹ̀, níbẹ̀ lẹ ó ti wọ Micra tí awakọ̀ rẹ̀ ń pariwo "Ẹlẹ́yẹlé, Ológunẹrú!" Ó máa gba Jẹ́ríkò kọjá. Adágún omi tí ẹ máa rí yẹn, odò Ọ̀nà ni wọ́n dí tó fi di adágún. Ní 1942 ni wọ́n parí dáàmù náà, kí ará Ìbàdàn lè rí omi ẹ̀rọ mu. Wọ́n sì gbin igi yí etí omi ká láti gbà á sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹrẹ̀. Ọwọ́ ènìyàn ló gbin igbó yìí fún iṣẹ́ kan pàtó, iṣẹ́ náà ò sì tíì parí, níwọ̀n ìgbà tí a bá ṣì ń mu omi.

Igi tí ẹ ó kọ́kọ́ bá pàdé ni tíìkì. Àlejò ni lọ́dọ̀ wa, ilẹ̀ Íńdíà àti Bọ́mà ló ti wá, àwọn Òyìnbó amúnisìn ló gbé irúgbìn rẹ̀ dé. Lójú ẹsẹ̀ ni ẹ máa mọ̀ pé gbíngbìn ni wọ́n gbìn ín, nítorí ó tò lọ lọ́wọ̀ọ̀wọ́ bí ọmọ ilé ìwé ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ewé rẹ̀ fẹ̀, ó sì le. Ẹ já ọ̀jẹ̀lẹ́ ewé rẹ̀ fún ọmọ tí ẹ bá mú dání, kí ẹ ní kó fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì ra á. Ọwọ́ ọmọ náà á pọ́n yòò. Mi ò tíì rí ọmọ tí kò pariwo nígbà àkọ́kọ́ tó ṣe é. Ọmọ-ọmọ mi obìnrin sáré tọ̀ mí wá, ó rò pé òun ti fi nǹkan gé ara òun. Nígbà tó mọ̀ pé ewé ni, kò fẹ́ kúrò nídìí igi yẹn mọ́, gbogbo aṣọ rẹ̀ ló fi nu ọwọ́ sí.

Bí ẹ bá lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tíìkì á ti wọ́wé, ilẹ̀ á máa ró ṣàkàṣàkà lábẹ́ ẹsẹ̀ yín, ẹ ó sì máa rí omi láti òkèèrè láàárín àwọn igi. Bí ó bá jẹ́ ìgbà òjò, abẹ́ igi á ṣókùnkùn, òdòdó rẹ̀ funfun wínníwínní á wà lókè. Ní tèmi, ìgbà òjò ló dára jù, lẹ́yìn tí òjò bá ti dá fún ọjọ́ kan tàbí méjì, nítorí ìgbà náà ni ìsàlẹ̀ igbó ń sọ ohun tó ní.

Ibi tí àlàfo bá wà láàárín tíìkì, àwọn igi tiwa ti ń padà wá síbẹ̀. Ẹ máa rí ahùn, ẹ máa rí akòko tí a fi ń joyè, ìyeyè, ọdán, àti ọ̀pẹ tí ẹyẹ gbé èkùrọ́ rẹ̀ wá. Sún mọ́ ibi tí ilẹ̀ ti tutù díẹ̀ sí i, kí o wo ilẹ̀ dáadáa: tẹ̀tẹ̀ẹrẹ̀gún nìyẹn, tí igi rẹ̀ lọ́ bí ó ṣe ń gòkè, tí omi kún inú rẹ̀. Ewé eéran ń bẹ nítòsí rẹ̀, ewé tí ìyá yín fi ń pọ́n mọ́ínmọ́ín kí ọ̀rá tó gba ipò rẹ̀. Rinrin wà lórí òkúta tó tutù. Lójú omi gan-an, ojú oró àti òṣíbàtà ló wà níbẹ̀, àwọn tí gbogbo wa ń fi gbàdúrà pé kí a lékè, tó sì jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ọmọ ìwòyí ò rí wọn rí.

Ẹ̀kọ́ kan wà tí mo fẹ́ kọ́ ẹni tó bá fẹ́ lọ. Ẹ wá ewé Akíntọ́lá, tí àwọn mìíràn ń pè ní ewé Awólọ́wọ̀. Gbogbo ọmọ àgbẹ̀ mọ̀ ọ́n, bí àdá bá géni lóko, òun ni wọ́n ń fún sójú ọgbẹ́. Àlejò lòun náà, láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ewé yìí kò fẹ́ràn òjìji, oòrùn ló ń wá kiri. Nítorí náà, ibi tí ẹ bá ti rí i tó ṣù bolẹ̀ nínú igbó Ẹlẹ́yẹlé, ẹ wò yíká, ẹ máa rí kùkùté. Wọ́n ti gé igi níbẹ̀ nìyẹn. Lọ́dọọdún ni mò ń rí i pé ewé Akíntọ́lá ń pọ̀ sí i níbẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn mí rèé. Apá kan igbó yìí ti di ilé. Apá kan ti di oko àgbàdo àti ti ẹ̀gẹ́. Àwọn kan ń gé tíìkì lóru fún òpó iná àti pákó òrùlé, àwọn kan ń sun ún di èédú. Láti ìhà Apẹ̀tẹ̀ àti Awótan títí dé ìhà Ìjòkòdó, ilé ń sún mọ́ omi, àwọn mìíràn sì ń da ìdọ̀tí sí ojú àgbàrá, àgbàrá á gbé e lọ sínú omi tí wọ́n fẹ́ wẹ̀ mọ́ kí a tó mu ún. Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá ń gbé ibẹ̀ mọ ohun tí mò ń sọ.

Nígbà tí mo lọ kẹ́yìn, mo bá apẹja kan tí mo ti mọ̀ tipẹ́, ó ń tún àwọ̀n rẹ̀ ṣe lẹ́bàá ọkọ̀ ojú omi. Ó kí mi, "Ìyá Ẹlẹ́wé, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta! Ẹ ò wá mọ́." Mo ní, "Bọ̀dá, mo ń wá, ewé ni kò sí mọ́." Mo bèèrè epìà àti àrọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó mi orí. Ó nawọ́ sí àárín omi, ó ní, "Ṣé ẹ rí ibẹ̀ yẹn? Ọ̀pá mi kì í kan ilẹ̀ níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó ti ń kàn án báyìí." Ó ti sọ tán, ó padà sídìí àwọ̀n rẹ̀.

Ohun tó sọ yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ apẹja nìkan. Bí òjò bá rọ̀ sórí igbó, ewé á kọ́kọ́ gbà á, á rọra kán sílẹ̀, ewé gbígbẹ tó wà nílẹ̀ á tún gbà á, gbòǹgbò á di erùpẹ̀ mú. Omi á rọra wọlẹ̀, á sì rọra dé inú adágún ní mímọ́. Bí òjò yẹn bá rọ̀ sórí ilẹ̀ tí wọ́n ti bọ́ láṣọ, erùpẹ̀ ló ń gbé sáré. Inú adágún náà ni erùpẹ̀ ń lọ. Bí erùpẹ̀ bá ṣe ń ga sí i nísàlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àyè tí omi ń gbé ń kéré sí i, bẹ́ẹ̀ náà sì ni oògùn tí wọ́n máa fi wẹ omi náà mọ́ ń pọ̀ sí i. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi ò ní tó. Ní ìgbà òjò, kò ní sí ibi tó máa gba àgbàrá ńlá.

Ìlú wo ló sì yẹ kó mọ̀ nípa àgbàrá tó Ìbàdàn? Àwọn àgbà wa ò tíì gbàgbé omíyalé Ògùnpa ti ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, tó gbé ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn lọ. Ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011 ṣì wà lójú gbogbo wa, òkú ju ọgọ́rùn-ún lọ, odò Ọ̀nà yìí kan náà ló wó afárá Apẹ̀tẹ̀, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti ìyálọ́jà ò fi rí ọ̀nà gbà. Lẹ́yìn ìyẹn, ní 2014, Báǹkì Àgbáyé fọwọ́ sí 200 mílíọ̀nù dọ́là fún iṣẹ́ dídènà omíyalé ní Ìbàdàn, títún dáàmù Ẹlẹ́yẹlé ṣe sì wà lára iṣẹ́ náà. Mo dúpẹ́ fún iyẹn. Owó gọbọi la fi ń tún ògiri dáàmù ṣe, igi tó wà lókè rẹ̀ sì ń ṣe tirẹ̀ láì gba owó oṣù. Kí ló dé tí a fi ń pa á?

Àwọn ará ọjà mi, ẹ forí jì mí, mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lójú gbogbo ayé. Kì í ṣe eléèédú àti oníkọ́lé nìkan ló ń pa igbó yìí. Àwa ẹlẹ́wé náà wà níbẹ̀. Mo ti rí igi ahùn tí wọ́n bó láti ìsàlẹ̀ dé ibi tí ọwọ́ dé, yíká yíká, tó dúró ní òkú. Mo ti rí oganwó bẹ́ẹ̀. Èèpo oganwó ń tà, gbogbo wa la mọ̀, kò sí ẹni tó ń se àgbo ibà tí kì í bèèrè rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ronú. Ewé ló ń fi oòrùn se oúnjẹ fún igi, inú èèpo sì ni oúnjẹ náà ń gbà sọ̀ kalẹ̀ dé gbòǹgbò. Bí ẹ bá bó èèpo yí igi ká, ẹ ti dí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀. Ewé lè ṣì tutù fún ìgbà díẹ̀, kí ẹni tó bó o máa rò pé kò sí nǹkan tó ṣe é, gbòǹgbò ló ń kú lọ́wọ́.

Bí ìyá mi ṣe kọ́ mi nìyí, bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ tó wà lọ́dọ̀ mi. Kí ọbẹ tó kan igi, kí i, kí o sọ orúkọ ẹni tó nílò rẹ̀. Mú díẹ̀ ní ìhà ìlà-oòrùn, mú díẹ̀ ní ìhà ìwọ̀-oòrùn, kí ìhà tó kù wà lódindi. Ọbẹ kékeré ni kí o lò, kì í ṣe àáké, má sì jẹ́ kó wọ inú igi. Má fọwọ́ kan igi tí ọwọ́ rẹ méjèèjì bá ká. Bí o bá ń wa egbò, ẹ̀gbẹ́ kan ni kí o wà, kí o sì dá erùpẹ̀ padà kí o tó dìde. Bí o bá ń já ewé, fi ṣóńṣó rẹ̀ sílẹ̀ kó lè rú. Igi tí o bá ti bó lọ́dún yìí, má padà sídìí rẹ̀ títí ojú ọgbẹ́ náà á fi pa dé. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń fi àpò ìrẹsì ru èèpo wá bá wa lóru, tí wọ́n ń tà á lọ́pọ̀, kò sí ìkankan nínú ìwọ̀nyí tí wọ́n ń tẹ̀ lé. Bí a kò bá rà á lọ́wọ́ wọn, wọn ò ní lọ bó o. Mo ti ń sọ èyí ní ìpàdé ẹgbẹ́ wa, inú kì í dùn sí mi. Bí a bá ń gé igi nígbó, ẹ jẹ́ ká fi ọ̀ràn ro ara wa wò.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ọ̀rọ̀ ti bọ́ sórí, pé igbó tó bá ti bàjẹ́ ti bàjẹ́ náà nìyẹn, kó gba ọ̀nà Ọ̀yọ́ lọ, kó kọjá Òjòó, kó tó dé Mọ́níyà. Àwọn onímọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀ tí gbogbo ayé mọ̀ sí IITA wà níbẹ̀ láti 1967. Ilẹ̀ wọn tó 1,000 hẹ́kítà, oko àti abúlé àgbẹ̀ ló sì wà lórí rẹ̀ kí wọ́n tó gbà á. Nínú rẹ̀, wọ́n ya nǹkan bí 350 hẹ́kítà sọ́tọ̀, wọn ò dá oko níbẹ̀, wọn ò sì jẹ́ kí wọ́n gé igi rẹ̀. Ohun tí wọ́n ṣe ò ju ìyẹn lọ. Lónìí, igbó kìjikìji ni.

Ẹgbẹ́ wa ṣètò, wọ́n mú àwa díẹ̀ lọ síbẹ̀. Mo wọ ibẹ̀, mo sunkún. Mo rí ìrókò tí mi ò lè rí òkè rẹ̀. Mo rí àràbà tí gbòǹgbò rẹ̀ dúró bí ògiri, tí ènìyàn mẹ́ta lè sá òjò sí. Arère ń bẹ. Àwọn ìtàkùn tí mo ti ń ra lọ́wọ́ ará Oǹdó láti ọdún pípẹ́, wọ́n wà níbẹ̀, nínú Ìbàdàn! A gbọ́ igbe atíòro lókè. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó mú wa yíká sọ fún wa nípa ẹyẹ kan nínú ẹbí ẹ̀gà, dúdú ni ara rẹ̀, pupa ni orí rẹ̀ àti àyà. Ní 1958 ni àwọn onímọ̀ kọ ọ́ sínú ìwé, wọ́n sì fi orúkọ ìlú wa pè é, Malimbus ibadanensis. Apá ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà nìkan ló wà ní gbogbo ayé, ó sì ti di ọ̀kan lára àwọn ẹyẹ tó lè parẹ́. Àwọn ènìyàn ń wọ bàlúù wá láti ìlú òkèèrè kí wọ́n lè fojú kàn án. Ẹ bi ọmọ yín ní ilé bóyá ó ti gbọ́ orúkọ ẹyẹ náà rí.

Nígbà tí ó ń mú wa lọ, ó ń pe orúkọ igi ní ti àwọn onímọ̀, àwa náà ń pè é ní tiwa, ó sì ń kọ ọ́ sínú ìwé kékeré ọwọ́ rẹ̀. Nígbà tó yá, ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún ti ẹ̀yìn yẹn pè." Ọ̀kan nínú wa mọ bí wọ́n ṣe ń lo egbò igi kan tí òun kò gbọ́ rí. Òun náà sì sọ fún wa nípa bí àdán àti atíòro ṣe ń gbé kóró èso kiri, tí igi fi ń hù níbi tí ẹnikẹ́ni ò gbìn ín sí. Gbogbo wa la jàǹfààní. Irú ìrìn bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ kó máa wáyé ní Ẹlẹ́yẹlé.

Ìbàdàn kò sì tòṣì nínú ibi tí a lè rìn lọ. Ọgbà igi Yunifásítì Ìbàdàn ti wà láti 1948. Ọgbà Àgodi náà wà, àgbàrá 2011 bà á jẹ́, wọ́n sì tún un ṣe. Ẹni tó bá lè lọ jìnnà lè gba ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde dé Ìdí-Ayùnrẹ́, kó wo igbó ọba Gàm̀bàrí. Ní Jẹ́ríkò, ní ilé iṣẹ́ ìwádìí igbó ti ìjọba àpapọ̀, ilé kan wà tí wọ́n ń tọ́jú ewé tí wọ́n ti sá gbẹ, tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìwé, tí wọ́n kọ ibi tí wọ́n ti já a àti ọjọ́ tí wọ́n já a sí i. Ó ju 100,000 lọ. Àwọn ewé kan wà níbẹ̀ tí wọ́n já ní ibi tó ti di títì ọkọ̀ lónìí. Gbogbo wọn dára. Ti Ẹlẹ́yẹlé ni mo ń tẹnu mọ́ nítorí òun ló wà láìní géètì, láìní olùtọ́jú tí mo lè tọ́ka sí, òun sì ni mẹ̀kúnnù lè dé láì san owó ìwọlé.

Ohun tí mò ń bẹ ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ fún ò pọ̀. Kí wọ́n sin òpó sí ààlà igbó náà, kí wọ́n kun ún ní ọ̀dà tí ojú á rí, kí ẹni tó bá fẹ́ ta ilẹ̀ fún àlejò má lè sọ pé òun ò mọ̀. Kí wọ́n dá aṣọ́gbó padà. Kí wọ́n la ojú ẹsẹ̀ kan yíká, tí ènìyàn á lè rìn láì wọ oko olóko tàbí agbolé ẹlòmíràn. Bí wọ́n bá fẹ́ gbin igi sí ibi tó ti dá pátápátá, kí wọ́n má gbin tíìkì nìkan. Igi tiwa ni kí wọ́n gbìn mọ́ ọn, oganwó, ìrókò, ahùn, ọ̀mọ̀, afàrà. Àwa ẹlẹ́wé á wá èso àti irúgbìn rẹ̀ fún wọn, a mọ oṣù tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń so.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ lọ, ẹ lọ ní ìkọ́wọ̀ọ́rìn, ní àárọ̀, kí ẹ sì jáde kí oòrùn tó rẹlẹ̀. Ẹ wọ bàtà tó bo ẹsẹ̀ àti ṣòkòtò gígùn, ejò ń gbé inú ewé tíìkì tó wọ́ nílẹ̀. Ẹ kí àwọn tí ẹ bá bá níbẹ̀, pàápàá àwọn apẹja, wọ́n á fi ọ̀nà hàn yín. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ sún mọ́ etí omi láìsí àgbàlagbà, ibẹ̀ jìn. Lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ má dáná rárá, kò gbọdọ̀ sí sìgá, kò gbọdọ̀ sí iná ẹran sísun. Ọ̀rá tí ẹ bá fi di oúnjẹ lọ, ẹ gbé e padà wálé. Ẹ má sì já ewé tí ẹ ò mọ̀, kí ẹ máa wá se é mu pé Ìyá Ẹlẹ́wé ní kí ẹ lọ sígbó. Ẹ wò ó, ẹ gbóòórùn rẹ̀, kí ẹ fi í sílẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti girama, pàápàá ní Ẹlẹ́yẹlé, Jẹ́ríkò, Ìjòkòdó àti Sángo, ẹ̀yin ni mo ń wò jù. Ẹ máa ń kó àwọn ọmọ lọ wo kìnnìún nínú àgò, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ kó wọn wá wo igi pẹ̀lú. Bí ẹ kò bá mọ orúkọ igi, ẹ má jẹ́ kí ìyẹn dá yín dúró. Èmi àti àwọn obìnrin kan nínú ẹgbẹ́ wa ti jọ sọ ọ́, a ti fẹnu kò pé a óò bá ilé ìwé èyíkéyìí tó bá pè wá lọ, a ò ní gba kọ́bọ̀. Owó mọ́tò tiwa, àwa la máa san án. Bí ẹ bá dé ọjà Bódè, ẹ bèèrè ìsọ̀ àwọn ẹlẹ́wé ọmọ, ẹ sọ fún ẹni àkọ́kọ́ tí ẹ bá bá pé nítorí igbó Ẹlẹ́yẹlé lẹ ṣe wá. Ẹ wá kí ọjà tó kún, kí a lè jókòó sọ ọjọ́ tí a máa lọ.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,

Ẹlẹ́wé ọmọ kan,
Ọjà Bódè, Ìbàdàn.